Híjáàbù Kọ́ Ló Ní Kí Ọmọ Wa Má Sáré: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ìyá Sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

As-salaam alaykum, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin sọ ní àsàlátù kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ Àlàádì, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síta, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ibi tí mo ti gbàgbé nǹkan lọ́jọ́ náà nìkan ni mo fi díẹ̀ kún. Télọ̀ ni mí. Mi ò kéwú débi tí màá pe ara mi ní ààfáà, ohun tí mo bá sọ nípa ẹ̀sìn níbí, ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́ mi ni mo ti gbọ́ ọ, Ààfáà wa sì wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà tí wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Kí n tó sọ nǹkan kan, mo kọ́kọ́ yọ aṣọ méjì jáde nínú báàgì mi. Ọ̀kan, híjáàbù dúdú tó gùn dé ìbàdí, aṣọ tó nípọn, irú tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ ilé kéwú, tó ní píìnì méjì lábẹ́ àgbọ̀n. Èkejì, híjáàbù tí mo rán fún eré sísá, aṣọ tó ń fà, ó fúyẹ́, kò ní píìnì, ó bo orí, ó bo ọrùn, ó wálẹ̀ bo àyà. Mo ní kí wọ́n gbé méjèèjì yí ká, kí wọ́n fọwọ́ pa á wò, kí wọ́n sì sọ fún mi èwo nínú méjèèjì ni kì í ṣe híjáàbù. Wọ́n gbé e yí ká, ó pẹ́ díẹ̀ torí àwọn ọmọ ń gbé ti eré yẹn lé ara wọn lórí, ìyá kan tó jókòó sídìí òpó wá ní, "Àǹtí télọ̀, híjáàbù ṣáà ni méjèèjì." Mo ní ẹ ṣeun mà, ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn.

Ọmọ Èpètèdó ni mí. Nígbà tí mo wà ní SS2, 200 mítà ni mo máa ń sá, kò sì sí ọmọbìnrin tó ń já mi sílẹ̀ nínú gbogbo sẹ́ẹ̀tì wa. Ọdún yẹn ni wọ́n kó wa lọ bá àwọn sùkúù mìíràn díje, mo wọ ṣòkòtò tráàkì-súùtù àti tíṣáàtì ọlọ́wọ́ gígùn, màámi sì gé híjáàbù funfun kan kúrú fún mi, wọ́n ká etí ẹ̀, wọ́n fọwọ́ rán an ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. A ti tò sórí ìlà, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò eré náà bá rìn wá síwájú mi, ó ní, "Ìwọ, yọ nǹkan orí yẹn, àbí kó o bọ́ sẹ́yìn." Kò pariwo, kò sì bínú o, bí ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé okùn bàtà ẹ ti tú ló ṣe sọ ọ́. Mo wo kóòṣì wa, kóòṣì ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àwọn àgbà pọ̀ lórí pápá lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Mo bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n fọn fèrè, wọ́n sáré, ọmọ sùkúù wa tí mo máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn ló ṣe ipò kejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo dé ilé kéwú, mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ wa, ẹni tó máa gbè mí lọ́kàn mi ń wá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Kí lo tiẹ̀ lọ ṣe níbẹ̀? Obìnrin Mùsùlùmí tún ń sáré kiri?" Ìyẹn dùn mí ju ti pápá lọ. Ẹni orí pápá ní aṣọ mi ò jẹ́ kí n yẹ fún eré, ẹni ilé kéwú ní eré mi ò jẹ́ kí n yẹ fún aṣọ, ọmọ ọdún 15 ni mí, mi ò sáré mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó so mí mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kàn kọ̀ ni.

Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn ni mo wá mọ̀ pé obìnrin Bahrain kan, Ruqaya Al-Ghasra, ti gba góòlù ní Asian Games tí wọ́n ṣe ní Doha ní 2006 pẹ̀lú híjáàbù lórí, àti pé 200 mítà gan-an ló fi gbà á, eré tèmi yẹn náà, ó sì tún lọ sáré ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2008 láì ṣí irun ẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni! Fọ́tò kan ṣoṣo.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látinú ilé tiwa ká tó bọ́ síta lọ bá àwọn ẹlòmíì wí. Nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, Súúrà Núúr ẹsẹ 31 ni Ọlọ́hun ti ní kí àwọn obìnrin onígbàgbọ́ rẹ ojú wọn sílẹ̀, kí wọ́n ṣọ́ abẹ́ wọn, kí wọ́n sì fi ìborùn wọn bo àyà wọn. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ yẹn, wọ́n ń kà á fún wa látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé. Ẹsẹ 30 tó ṣáájú ẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọkùnrin ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ kọjú sí níbẹ̀, tó ní kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀ kó tó kan àwa. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá máa ka ìkejì fún ọmọbìnrin, ẹ máa ka ìkíní fún àbúrò ẹ̀ ọkùnrin náà. Súúrà Ahsaab ẹsẹ 59 náà wà níbẹ̀, ti jilbab, aṣọ tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ sára. Inú àwọn ẹsẹ yìí àti hádíìsì ni àwọn onímọ̀ ti mú un jáde pé tí obìnrin bá wà níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe mùhárámù ẹ̀, ìyẹn ìbátan tí kò lè fẹ́ ẹ láéláé, gbogbo ara ẹ̀ ló máa bò àfi ojú àti àtẹ́lẹwọ́, èyí lohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ, òun náà ni mẹ́síhábì Mọ́líkì tí àwọn ààfáà wa nílẹ̀ Yorùbá fi ń kọ́ wa sọ, àwọn kan sì wà tí wọ́n fi ojú kún un, àwọn ẹlẹ́hàá wa, Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí aṣọ náà má ṣe hàn gààràgà, kó má sì fún mọ́ ara débi tí èèyàn á fi máa ka oríkèé ara ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ohun tí wọ́n ní ká ṣe nìyẹn. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ aṣọ dúdú tó nípọn, kò síbi tí wọ́n ti ní kó ní píìnì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kó bò, kó má hàn, kó má fún, ẹni tó bá ti ṣe ìyẹn ti ṣe é, ì báà wọ̀ ọ́ jókòó, ì báà wọ̀ ọ́ fò sókè ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Ẹni tó bá sì ní obìnrin Mùsùlùmí kì í sáré, ìyá wa Aisha ni kó lọ bi. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ hádíìsì yìí rí, Abu Dawud gbà á wá, Ahmad náà gbà á wá, bóyá ẹ ò kàn fi tẹ́tí ni. Ìyá wa ní àwọn wà lórí ìrìn-àjò pẹ̀lú Ànọ́bì, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, nígbà yẹn ọmọdé ṣì ni wọ́n, ara wọn fúyẹ́. Ànọ́bì sọ fún àwọn èèyàn tó wà pẹ̀lú wọn pé kí wọ́n máa lọ níwájú, nígbà tí wọ́n lọ tán ó ní, "Wá, jẹ́ ká sáré." Wọ́n sáré, Aisha yára jù ú lọ. Ó wá pẹ́ títí, ìyá wa ti sanra díẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n tún jọ wà lórí ìrìn-àjò mìíràn, ó tún ní kí àwọn èèyàn máa lọ níwájú, wọ́n tún sáré, lọ́tẹ̀ yìí Ànọ́bì ló yára jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ti ọjọ́sí nìyí." Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló rẹ́rìn-ín nígbà tí mo débẹ̀, Ìyá Àdínnì wa ní, "Àṣé ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ ti ọjọ́sí ti ń jẹ́ ti ọjọ́sí." Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo wá ní kí wọ́n padà sídìí ohun tó kọ́kọ́ ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní káwọn èèyàn máa lọ níwájú. Kò ní kí Aisha má sáré torí ojú ọkùnrin, ojú ọkùnrin ló kó kúrò lọ́nà. Ibẹ̀ yẹn ni mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní fi sílẹ̀, ìnṣá Álláhù.

Ìyá Àdínnì ló béèrè ìbéèrè tó nira jù níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní, "Ó dáa, a gbà, aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tó yí pápá ká tó ń wo bí ara ẹ̀ ṣe ń mì ńkọ́?" Mi ò ní parọ́ fún wọn pé ìyẹn ò sí. Mo ní ìdí tá a fi gbọ́dọ̀ máa bèèrè fún àkókò àwọn obìnrin nìkan nìyẹn, kí kóòṣì jẹ́ obìnrin níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí gbọ̀ngàn sùkúù tàbí ọgbà mọ́ṣáláṣí wà fún àwọn ọmọbìnrin fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, torí níbi tí obìnrin nìkan bá wà ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní láti ìdodo dé orúnkún ni ìhòhò obìnrin sí obìnrin bíi tiẹ̀, ara á tù wọ́n níbẹ̀ dáadáa. Níbi tí ọkùnrin bá wà, aṣọ tó sọ̀ dáadáa, kí ẹ̀wù gùn kọjá ìdí. Ààfáà wa mi orí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni, wọ́n wá fi tiwọn kún un pé Ànọ́bì ní onígbàgbọ́ tó lágbára dára, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn ẹ̀ ju èyí tí ò lágbára lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Inú mi dùn pé ẹnu Ààfáà ni ìyẹn ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta wàyí. Àwọn tó ń darí eré lágbàáyé náà ní ẹ̀bi tiwọn, ó sì pọ̀. Ní 2007 ní Kánádà, rẹfirí lé ọmọbìnrin ọdún 11 kúrò lórí pápá bọ́ọ̀lù torí híjáàbù, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ IFAB tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, wọ́n ní rẹfirí ṣe dáadáa. Ní oṣù kẹfà 2011, àwọn obìnrin Iran dé Amman ní Jordan láti gbá bọ́ọ̀lù tó máa gbé wọn sún mọ́ Òlíńpíìkì London, orí pápá ni wọ́n ti sọ fún wọn pé wọn ò ní gbá a torí ohun tó wà lórí wọn, fọ́tò wọn níbi tí wọ́n ti ń sunkún tàn káàkiri ayé. Àwáwí tí wọ́n ń sọ ni pé ó lè fún ọmọ lọ́rùn tí ẹnì kan bá fà á. Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ télọ̀ ni? Ní Netherlands, Cindy van den Bremen ti ń ya irú híjáàbù eré bẹ́ẹ̀ láti 1999 nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, torí wọ́n ń lé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí kúrò ní kíláàsì eré ìdárayá níbẹ̀, Capsters lorúkọ tó sọ ọ́. Híjáàbù tí wọ́n bá fà tó máa já sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ni ọrùn tún ní í sọ síyẹn? Prince Ali bin Al Hussein ti Jordan gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú IFAB, ní oṣù keje 2012 wọ́n gbà kí wọ́n dán an wò, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2014 ni wọ́n tó wá kọ ọ́ sínú òfin. Ọdún 7 gbáko. Ọmọ ọdún 11 ti di ọmọ ọdún 18.

Ti básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù ló ká mi lára jù. Ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan wà, Bilqis Abdul-Qaadir, ní Massachusetts, ó ju pọ́ńtì 3,070 sínú àwọ̀n nígbà tó wà ní háískúù, kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tó jù tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìpínlẹ̀ yẹn nígbà náà. Ó wọ yunifásítì Memphis, ó wọ híjáàbù gbá a níbẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ipele àkọ́kọ́ ti NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ó parí sùkúù, ó fẹ́ lọ fi ṣiṣẹ́ ṣe lókè òkun, FIBA tó ń darí básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù lágbàáyé ní òfin àwọn ò gbà kí nǹkan wà lórí. Ní 2014, àwọn obìnrin Qatar lọ sí Asian Games ní Incheon, wọ́n ní kí wọ́n yọ híjáàbù, wọ́n kọ̀, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé. Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2017 ni FIBA tó dìbò pa òfin náà rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Bilqis wà lára àwọn tó jà fún un. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ọdún mélòó ló ní lẹ́sẹ̀? Àwọn ọdún tó yẹ kó fi jẹun ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe ń rí láti jókòó kí o máa wo eré tó o lè bá wọn ṣe.

Àwọn tí wọ́n sì jẹ́ kó ṣe é, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n ṣe? Ibtihaj Muhammad mú bàbà bọ̀ láti Rio ní 2016 nínú eré idà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ Amẹ́ríkà. Nouhaila Benzina ti Morocco wọ pápá ní Adelaide ní Australia ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2023, Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù àwọn obìnrin, òun lẹni àkọ́kọ́ tó wọ híjáàbù gbá a níbẹ̀, wọ́n sì na South Korea 1-0, mo jókòó sídìí máṣíìnì mi lọ́jọ́ náà, mi ò rán nǹkan kan títí wọ́n fi fọn fèrè. Sifan Hassan fi híjáàbù lọ gba góòlù máráthọ́ọ̀nù ẹ̀ níbi àṣekágbá Paris ní 2024, nínú ìlú tí ìjọba wọn ti ní àwọn ọmọ tiwọn ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ń ṣojú Faransé, ti wọn yẹn ò yé mi, mi ò sì ní fi àsìkò ṣòfò lórí ẹ̀. Níbí, lórí ọ̀rọ̀ sùkúù Èkó, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù lórí yúnífọ́ọ̀mù ní sùkúù ìjọba, adájọ́ márùn-ún nínú méje ló fara mọ́ ọn, láti 2014 tí ilé-ẹjọ́ gíga ti dá wọn lẹ́bi ni ẹjọ́ náà ti ń gòkè bọ̀. Torí náà tí ẹnì kan bá ní kí ọmọ yín yọ tiẹ̀ kó tó bá wọn ṣe íńtà-haùsì, ẹ rọra lọ rí ọ̀gá sùkúù, ẹ má lọ fi ìjà bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé aṣọ náà dání kí wọ́n rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni èyí tó gùn dé ìbàdí yẹn, wọn ò rí èkejì rí.

Èkejì yẹn ni mo wá fẹ́ sọ dáadáa, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Kọ́tìnnì, aṣọ òwú, dáa lára, àmọ́ ó ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ, ọmọ tó bá sáré yípo pápá lẹ́ẹ̀mẹta nínú oòrùn Èkó pẹ̀lú ẹ̀, híjáàbù á ti wúwo, á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, á máa fa orí ẹ̀ sẹ́yìn. Aṣọ tá a ń wá ni pọ́lísítà tí wọ́n fi spandex díẹ̀ sí, tẹ́ ẹ bá dé Balógun tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ stretch, wọ́n á kó oríṣiríṣi kalẹ̀, ẹ má kàn rà á. Ẹ fà á ní gígùn, ẹ fà á ní ìbú, kó sì padà síbi tó wà. Ẹ nà án sójú oòrùn kẹ́ ẹ wo ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìka yín, ẹ fi sílẹ̀, á hàn. Ẹ gbé e sẹ́nu kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí atẹ́gùn ò bá kọjá, orí ọmọ á gbóná níbẹ̀. Níbi etí, mo máa ń fi mẹ́ṣì sí i, aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ yẹn, ìlọ́po méjì kó má bàa hàn, kí ọmọ lè gbọ́ fèrè àti ohùn kóòṣì. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tó mú ṣóńṣó rán an, á gún okùn aṣọ já, ihò á ṣí, ẹ wá abẹ́rẹ́ stretch tí ẹnu ẹ̀ rí roboto. Kẹ́ ẹ sì má fi ìrán gbọọrọ rán an, bí aṣọ bá ti fà, òwú á já páú, síìgì-sáàgì ni kẹ́ ẹ lò, àbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní máṣíìnì tí wọ́n fi ń wíìfù aṣọ.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo rán, ọmọ kan tó ń gbá básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù ló ni ín, ìyá ẹ̀ ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtirẹ. Ó dé e sórí, ó wo dígí, ó rẹwà, inú gbogbo wa dùn. Mo ní kó sáré dé jọ́ńṣìn kó padà wá. Ó sáré, ó yà fún kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ó ń bọ̀, mo kàn rí i tó fọwọ́ òsì di iwájú orí mú. Híjáàbù ti yọ̀ wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú ẹ̀. Ọwọ́ tó yẹ kó fi mú bọ́ọ̀lù ló fi di híjáàbù mú, kí ni mo wá rán fún un? Mo tú u. Mo fi ẹlásítíìkì tín-ín-rín sínú ìrán ní ẹ̀yìn ìpàkọ́, ó ṣì ń yọ̀. Mo tún un tú, mo wá rán kọ́tìnnì pẹlẹbẹ kan, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju ínṣì kan lọ, sí inú iwájú orí, torí kọ́tìnnì ń di awọ ara mú níbi tí pọ́lísítà ti ń yọ̀. Ìgbà kẹta ó sáré dé jọ́ńṣìn, ó padà, ó fò sókè nígbà mẹ́wàá, ó dọ̀bálẹ̀ ó tún dìde, híjáàbù ò yẹsẹ̀. Ó sanwó, ó ń lọ. Kò tiẹ̀ wo dígí mọ́.

Ẹ má fi píìnì sí i rárá. Tí wọ́n bá gbá ọmọ mọ́ra lórí pápá, ọrùn ọmọ yín ni píìnì yẹn máa wọ̀, tàbí ojú ọmọ ẹlòmíì, ibẹ̀ yẹn àwọn rẹfirí tó ń sọ̀rọ̀ jàǹbá ò parọ́. Tó bá máa ní ìdè, kó jẹ́ velcro kékeré lẹ́yìn ọrùn, tí ẹnì kan bá fà á kó ṣí.

Ẹ̀wù ńkọ́? Àwọn kan gbà pé tórí bá ti bò ó ti parí, wọ́n á wá wọ légíìnsì tó lẹ̀ mọ́ ara bí awọ. Mi ò fẹ́ bá ọmọ ẹnikẹ́ni wí níbí, Ọlọ́hun ló ni ìdájọ́, àmọ́ ìyẹn ò tíì bá ohun tí wọ́n ní ká ṣe mu, àwa télọ̀ la sì lè bá wọn ṣe é. Nike náà ṣe híjáàbù eré ní 2017, orí àti ọrùn ló bò, ẹni tó bá rà á ṣì ní láti wọ ẹ̀wù tó sọ̀ sí àyà. Èyí tí mo máa ń rán máa ń dé agbedeméjì itan, ó sọ̀, mi ò la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ torí tí afẹ́fẹ́ bá gbé e, ìdí á hàn, aṣọ onígun mẹ́ta ni mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹsẹ̀ lè là dáadáa. Ṣòkòtò tó sọ̀ nítan, tó wá ń fún bọ̀ nísàlẹ̀, ẹlásítíìkì lọ́rùn ẹsẹ̀, kó má bàa há sábẹ́ kánfáàsì.

Ti omi náà wà. Ọ̀sà ló yí wa ká ní Èkó yìí, ẹ bi ara yín, nínú àwọn ọmọbìnrin wa, mélòó ló lè lúwẹ̀ẹ́? Aheda Zanetti, ọmọ Lebanon tó dàgbà ní Australia, ló rí ọmọ arábìnrin ẹ̀ tó ń gbá netball pẹ̀lú híjáàbù tó wúwo lára ẹ̀, àánú ṣe é, ó gbé máṣíìnì kalẹ̀, òun ló rán irú èyí tí Al-Ghasra wọ̀ sáré, òun náà ló sì ṣe burkini ní 2004, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ara tó sì fúyẹ́ nínú omi. Ẹnì kan rí ọmọ ẹ̀, ó sì rán aṣọ fún un. Mi ò mọ ìtàn kankan nínú iṣẹ́ wa tó wù mí tó ìyẹn.

Ìyá kan ní owó ńkọ́. Mo ní Àlháájà, kò tó owó àǹkóò tẹ́ ẹ dá ní Sátidé tó kọjá, yáàdì méjì àtààbọ̀ á rán gbogbo ẹ̀ fún ọmọ tí ò ga púpọ̀, tí télọ̀ tiyín ò bá mọ̀ ọ́n rán kó wá gba pátánì lọ́wọ́ mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Mo ti gé e sórí bébà sìmẹ́ǹtì, sáìsì mẹ́rin. Télọ̀ mẹ́ta ló gbà á lọ́jọ́ náà kí n tó kúrò níbẹ̀.

Bí a ṣe ṣe àdúà tán, Ìyá Àdínnì fa ọmọ-ọmọ wọn kan lọ́wọ́ wá bá mi, ọmọ ọdún 12, ó gùn, ó tín-ín-rín, kò fẹ́ gbójú sókè. Mo yọ téèpù mi. Yíká orí ẹ̀ jẹ́ ínṣì 21, yíká ojú ínṣì 22, láti orí ejìká dé agbedeméjì itan ínṣì 30. Mo bi í pé kí ló ń sá, ó ní 200 mítà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ńbà yẹn, mo sì ní kó wá gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀.